Ètò Ìjókòó Iṣẹ́ Nínú R, Stata, SPSS àti SAS: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yan Ọ̀kan

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi kan jọ ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà kan náà. Fáìlì àṣẹ kan náà ni a lò, ẹ̀dà R kan náà ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà àwa méjèèjì, síbẹ̀ tábìlì ANOVA irú kẹta (àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba àwọn ọ̀wọ́ wéra) tèmi kò bá tirẹ̀ mu. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi wá ìdí rẹ̀ kí a tó rí i pé ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì `.Rprofile` rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. R máa ń ka fáìlì yìí fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i, kì í sì í sọ fún wa pé òun ti kà á. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni `options(contrasts = c("contr.sum", "contr.poly"))`, ìyẹn ètò tó ń yí bí R ṣe ń fi àwọn ọ̀wọ́ wéra nínú ìṣirò padà. Iṣẹ́ mìíràn ló kọ ọ́ fún, ó sì ti gbàgbé pé òun kọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun yàn nínú àwọn sọ́fítíwià tí a fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà, n kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iye àyẹ̀wò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣe, nítorí pé gbogbo wọn ló lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa nílò. Mo máa ń bi í bóyá ó mọ ibi tí ètò tí òun bá yí padà ń gbé, ẹni tó lè rí i, àti ìgbà tí ó ń parẹ́.

Ìjókòó iṣẹ́ ni mo ń pe àkókò láti ìgbà tí a bá ṣí sọ́fítíwià títí di ìgbà tí a bá tì í pa. Oríṣi ètò méjì ló ń ṣiṣẹ́ láàárín àkókò yìí. Èkíní kan ojú èsì nìkan: iye nọ́ńbà tí yóò hàn lẹ́yìn dẹ́símà, ìbú ojú ìwé, àwọ̀ àwòrán. Èkejì kan èsì fúnra rẹ̀: bí a ṣe ń ka ọdún tí a fi nọ́ńbà méjì kọ, ibi tí nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ tí a fi ń ṣe òdiwọ̀n nínú ìṣirò. Irú èkíní lè wà níbikíbi tó bá wù wá. Irú kejì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì àṣẹ, níbi tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa yóò ti kà á. Ìwọ̀n tí mo fi wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níhìn-ín nìyẹn.

| | R | Stata | SPSS | SAS |
|---|---|---|---|---|
| Ibi tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ ń gbé | `.Renviron`, `Rprofile.site`, `.Rprofile` | `sysprofile.do`, `profile.do` | mẹ́nù Edit, lẹ́yìn náà Options | `sasv9.cfg`, `autoexec.sas` |
| Àṣẹ tó ń yí i padà | `options()` | `set` | `SET` | `OPTIONS` |
| Àṣẹ tó ń fi í hàn | `options()`, `sessionInfo()` | `query` | `SHOW` | `PROC OPTIONS` |
| Àṣẹ tó ń dá a padà | `options(op)` | `set_defaults` | `PRESERVE`, `RESTORE` | `PROC OPTSAVE`, `PROC OPTLOAD` |

R: òmìnira púpọ̀, ìṣọ́ra púpọ̀

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, R ló fún wa ní òmìnira jù. Nígbà tó bá ń ṣí, ó kọ́kọ́ ń ka `.Renviron`, lẹ́yìn náà `Rprofile.site` tó kan gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, lẹ́yìn náà `.Rprofile`. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà wà níhìn-ín: bí `.Rprofile` bá wà nínú fódà iṣẹ́, èyí tó wà ní fódà ilé wa kò ní jẹ́ kíkà rárá. Nítorí náà ni ètò kan fi lè ṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ kan kí ó má ṣiṣẹ́ nínú òmíràn, láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, bí fáìlì `.RData` bá wà nínú fódà náà, R yóò kó gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀ ní àná padà wá. Ó dà bí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ètò mìíràn nínú R tó ń ba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ tó o. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pa ìlà kan rẹ́ nínú fáìlì àṣẹ rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò ṣì máa lọ dáadáa nítorí pé ohun tí ìlà náà dá sílẹ̀ ṣì wà nínú `.RData`, títí di ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lo RStudio (sọ́fítíwià tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ àṣẹ R), ẹ lọ sí Global Options, kí ẹ mú àmì kúrò níwájú gbólóhùn tó ní kí ó kó `.RData` wá nígbà ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yan Never níbi tó ti ń béèrè bóyá kí ó tọ́jú rẹ̀ nígbà ìparí. Ètò yìí ni mo máa ń yí padà kí n tó fi ohunkóhun mìíràn han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ R.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn R síbẹ̀síbẹ̀ ni pé ó ní ọ̀nà láti fi ohun gbogbo sílẹ̀ ní mímọ́. Bí a bá fi `R --vanilla` ṣí i, kò ní ka fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kankan, kò ní kó `.RData` wá, kò sì ní tọ́jú ohunkóhun nígbà tó bá ń parí. Iṣẹ́ tó bá yege lábẹ́ `--vanilla` ni mo máa ń gbà pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bákan náà, bí a bá kọ `op <- options(digits = 3)`, iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò wọ inú `op`, tí a ó sì lè fi `options(op)` dá a padà nígbà tí a bá parí.

Ètò kan tún wà tí mo gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti lò: `options(warn = 1)` ń jẹ́ kí ìkìlọ̀ jáde ní ojú ẹsẹ̀ dípò kí ó dúró di ìparí, `options(warn = 2)` sì ń sọ ìkìlọ̀ gbogbo di àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró.

Stata: ètò tó ń sọ ara rẹ̀

Stata ni ó fi ìyàtọ̀ hàn kedere jù láàárín ètò ìjókòó kan àti ètò ayérayé. `set more off` (tó ní kí èsì gígùn má ṣe dúró ní ojú kọ̀ọ̀kan) jẹ́ ti ìjókòó yìí nìkan; `set more off, permanently` ni yóò wà títí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ojú sì rí i nínú àṣẹ náà. (Láti Stata 16 ni `more` ti wà ní pípa fúnra rẹ̀, nítorí náà ìlà yìí tó wà lókè ọ̀pọ̀ fáìlì àṣẹ àtijọ́ kò pọn dandan mọ́, bí kò tilẹ̀ ní ìpalára. Bẹ́ẹ̀ náà ni `set memory`, tí Stata 12 ti sọ di ohun àtijọ́.)

Àṣẹ tí àwọn mẹ́ta yòókù kò ní irú rẹ̀ ni `version`. Bí a bá kọ `version 13` sókè fáìlì àṣẹ kan, Stata tuntun yóò máa túmọ̀ àwọn àṣẹ inú rẹ̀ bí ẹ̀dà 13 ṣe ń túmọ̀ wọn, kódà yóò padà sí ọ̀nà àtijọ́ tí ó fi ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ kí Stata 14 tó yí i padà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí yóò gba ọdún márùn-ún, irú bí iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, yóò mọ rírì èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní R, ẹ̀dà 4.0.0 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020 yí `stringsAsFactors` padà láti TRUE sí FALSE, ọ̀pọ̀ fáìlì àṣẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ sì ní láti gba àtúnṣe.

Ètò kan wà ní Stata tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, òpó (column) tuntun tí a bá dá sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà oní-dẹ́símà yóò jẹ́ `float`, irú nọ́ńbà tí kò péye tó `double`. Bí a bá kọ `generate x = 0.1`, tí a sì béèrè pé `count if x == 0.1`, òdo ni ìdáhùn, nítorí pé `float` kò pé tó 0.1 tí Stata fi ń ṣe ìṣirò. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bá gùn náà lè pàdánù àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, tí ènìyàn méjì yóò sì di ẹnì kan. `set type double` ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì àṣẹ, ẹ má fi sí `profile.do` nìkan, nítorí pé ó kan èsì.

SPSS: ọwọ́ méjì tí kò rí ara wọn

Ìṣòro SPSS ni pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣètò rẹ̀, ọ̀kan kì í sì í fi ojú hàn fún èkejì. Ohun tí a bá fi asin tẹ̀ nínú Edit, Options yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí a bá tún ṣí i, ṣùgbọ́n kò sí nínú fáìlì àṣẹ tí a ó fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn tó ń lo SPSS pé kí wọ́n kọ `PRESERVE` sókè, kí `SET` tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì fi `RESTORE` parí. Lọ́nà yìí, ètò tó kan iṣẹ́ náà wà nínú iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà tí a yá lò sì padà sí bí a ṣe bá a.

Ohun tó léwu jù ní SPSS kì í tilẹ̀ ṣe `SET`. `WEIGHT BY` ni, àṣẹ tó ń fún ìlà dátà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n (weight) tirẹ̀ nínú ìṣirò. Bí a bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìtúpalẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò máa lo ìwọ̀n náà títí a ó fi kọ `WEIGHT OFF`; bí a bá sì tọ́jú fáìlì dátà ní ipò yẹn, ìwọ̀n náà yóò bá a lọ. Ìsàlẹ̀ fèrèsé SPSS, lápá ọ̀tún, ni yóò ti kọ “Weight On”. Ẹ sọ ọ́ di àṣà láti wo ibẹ̀ kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́.

Àwọn tó ń lo dátà ìwádìí ìlera NDHS ti Nàìjíríà ni èyí kàn jù, nítorí pé òpó `v005` tó gbé ìwọ̀n náà ni a ní láti pín pẹ̀lú 1,000,000 kí a tó lò ó. Ẹni tó bá gbàgbé láti pín in lẹ́yìn tó ti kọ `WEIGHT BY v005` yóò rí iye ènìyàn tí kò sí ní Nàìjíríà rí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, `WEIGHT BY` lásán ń ka ìwọ̀n bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ló wà nínú ìlà kan, nítorí náà ìdíwọ̀n àṣìṣe (standard error) kò ní péye àfi bí a bá lo apá Complex Samples. Stata ń so ètò ìwádìí mọ́ dátà pẹ̀lú `svyset`. SAS ń béèrè rẹ̀ nínú `PROC SURVEYMEANS` kọ̀ọ̀kan, èyí tó gùn láti kọ ṣùgbọ́n tí kò fi ohunkóhun pamọ́. Ní R, package (àkójọ àṣẹ àfikún) tó ń jẹ́ survey ní ètò ìjókòó kan tí ń jẹ́ `survey.lonely.psu`: bí a kò bá yí i padà, ìṣirò yóò dúró nígbà tí ẹ̀ka kan bá ní ẹyọ ìwádìí kan ṣoṣo, bí a bá kọ `"adjust"`, yóò máa lọ, ìdíwọ̀n àṣìṣe yóò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú `.Rprofile` ti gbé apá kan nínú ọ̀nà ìwádìí rẹ̀ pamọ́ fún òǹkàwé.

SAS: ẹnu ọ̀nà méjì

Àwọn ètò kan wà ní SAS tí a kò lè yí padà lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí: `MEMSIZE` àti `ENCODING` wà lára wọn. Inú `sasv9.cfg` tàbí lórí ìlà tí a fi ṣí i ni wọ́n ń gbé. Àwọn yòókù ni a lè fi `OPTIONS` yí padà nígbàkúùgbà. Bí ẹ kò bá mọ èwo ni èwo, `proc options option=yearcutoff define value; run;` yóò sọ ohun tí ètò náà jẹ́, iye tó wà níbẹ̀ àti bí ó ṣe débẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè yìí tó SAS nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

Ohun tí mo fi ń kìlọ̀ ni `options obs=100;`. Àwọn ènìyàn ń kọ ọ́ láti fi ìlà díẹ̀ dán iṣẹ́ wò, wọ́n á sì gbàgbé láti kọ `obs=max` lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e nínú ìjókòó náà yóò máa ka ìlà 100 péré.

Ètò kan náà, ìdáhùn mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ báyìí: 12/03/48. Bàbá àgbàlagbà kan ni. R tí a fún ní `%y` (àmì ọdún oní-nọ́ńbà méjì) yóò kà á sí 2048, nítorí pé ó ń ka 00 dé 68 sí ọdún 2000 dé 2068, kò sì sí ètò ìjókòó tó lè yí i padà. SAS 9.4 yóò kà á sí 1948, nítorí pé `YEARCUTOFF` rẹ̀, ìyẹn ọdún tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń lò ti bẹ̀rẹ̀, wà ní 1926. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2026 tí wọ́n kọ 26 fún yóò di ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún lójú rẹ̀. SPSS ń fi ọdún tí a wà yìí ṣe òdiwọ̀n, ó ń padà sẹ́yìn ní ọdún 69, ó sì ń lọ síwájú ní ọdún 30, nítorí náà 2048 ni yóò kọ, àfi bí a bá fi `SET EPOCH` sọ fún un. Èyí tó burú ni pé òdiwọ̀n náà ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ lọ́dọọdún. Stata nìkan ló kọ̀ láti dá a méfò. Bí a bá fún un ní `"DMY"`, àyè òfo ni yóò fi sílẹ̀ títí a ó fi sọ ọdún ìgbẹ̀yìn tí a fẹ́. Mo fara mọ́ Stata níhìn-ín pátápátá.

Ní ti nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, Stata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti seed (nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀) 123456789 nígbà gbogbo, R sì ń mú tirẹ̀ láti inú aago kọ̀ǹpútà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó gbàgbé `set seed` ní Stata lè rí èsì kan náà lójoojúmọ́, kí ó sì rò pé òun ti ṣètò rẹ̀. Ní SPSS, `SET SEED` kò ní agbára kankan bí `RNG=MT` (ọ̀nà Mersenne Twister tí a fi ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀) bá wà lẹ́nu iṣẹ́; `MTINDEX` ni a ní láti lò nígbà náà. Ní R, ẹni tó bá fẹ́ tún èsì tó ṣáájú ẹ̀dà 3.6.0 rí láti inú `sample()` gbọ́dọ̀ kọ `RNGkind(sample.kind = "Rounding")`.

Lẹ́tà Yorùbá àti kọ́mà àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò

Bí dátà yín bá ní orúkọ ènìyàn tàbí ìlú tí a kọ dáadáa, ètò ìkọ lẹ́tà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà ìkọ lẹ́tà wlatin1 tí SAS ń lò lórí Windows kò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá. A gbọ́dọ̀ ṣí SAS pẹ̀lú UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà Unicode, tó gba lẹ́tà gbogbo èdè) láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ètò yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò ṣeé yí padà lẹ́yìn ṣíṣí. SPSS ń gba `SET UNICODE=ON` nígbà tí dátà kankan kò bá tíì ṣí nìkan. Stata ti gba Unicode láti ẹ̀dà 14, R lórí Windows sì ti ń lo UTF-8 gẹ́gẹ́ bí ti ara rẹ̀ láti ẹ̀dà 4.2.0 ní ọdún 2022.

Ṣùgbọ́n UTF-8 nìkan kò tó. Lẹ́tà mẹ́rin ni ojú wa rí nínú Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n báìtì 10 ni ó gbà, nítorí pé ọ àti ṣ ń gba mẹ́ta-mẹ́ta, àmì ohùn sì ń gba méjì. Òpó SAS tí a fún ní `$8` yóò gé ọ̀rọ̀ náà. Bákan náà, è tí a tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan àti è tí a fi àmì lé e lórí lọ́tọ̀ kì í ṣe ohun kan náà lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ìlú kan lè hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú tábìlì. Stata ní `ustrnormalize()`, R sì ní `stri_trans_nfc()` nínú package stringi, láti sọ méjèèjì di ọ̀kan.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí Lomé sábà máa ń gba fáìlì tó fi kọ́mà ya dẹ́símà. Ẹ má ṣe rò pé `options(OutDec = ",")` ní R tàbí `set dp comma` ní Stata yóò ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí nọ́ńbà yóò ṣe jáde nìkan ni wọ́n kàn. `read.csv2()` ni ti R, `destring` pẹ̀lú `dpcomma` sì ni ti Stata.

Ta ni kí ó yan èwo?

Ẹni tí kò ní owó ìwé-àṣẹ, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì dán mọ́rán, R ni kí ó mú, kí ó sì má ṣe lo `.RData` láti ọjọ́ kìíní. SAS OnDemand for Academics jẹ́ ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ra Stata, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́, tí dátà rẹ̀ sì jẹ́ ti ìwádìí agboolé, kí ó má ṣe fi Stata sílẹ̀. `Version`, `svyset` àti ọ̀rọ̀ náà `permanently` ń ṣe iṣẹ́ tí yóò ná an ní ọ̀pọ̀ wákàtí níbòmíràn. Ibi tí a bá ti ń béèrè pé kí iṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ pípé nípa ètò kọ̀ọ̀kan, bíi ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń dán oògùn wò, SAS ṣì wà níwájú.

Ní ti SPSS, n kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun níyànjú pé kí ó lọ ra á, nítorí pé PSPP tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà gba `SET` àti `SHOW`. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó ní àǹfààní kan tó yẹ kí ó mọ̀, pàápàá níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìrò tẹ́lẹ̀. SPSS ń kọ gbogbo àṣẹ ìjókòó kan, títí kan èyí tí a fi asin tẹ̀ nínú mẹ́nù, sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ `statistics.jnl`. Ẹ wá ibi tí ó wà nínú Options, lábẹ́ File Locations, kí ẹ sì rí i dájú pé Append ni a yàn níbẹ̀, nítorí pé bí ó bá jẹ́ Overwrite, ìjókòó tí ẹ bá ṣí lẹ́yìn tí iná bá dé ni yóò pa àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ń wá rẹ́.